Owó Àtijọ́ Nínú Àpótí: Ìfẹ́ Ni Tàbí Ọjà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó mọ ohun tí ó pamọ́ sínú àyà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ṣa owó àtijọ́ jọ: ọnínì àti kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, irú èyí tí àwọn bàbá wa ná kí náírà tó dé ní ọdún 1973. Ọ̀kan fẹ́ràn wọn. Ó ń nù wọ́n, ó sì ń fi wọ́n sọ ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èkejì kò bìkítà fún ìtàn kankan. Ọjọ́ tí wọn yóò gbówó lórí ni ó ń retí.

Kò sí èèwọ̀ nínú ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n àníyàn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí ènìyàn rà fún ìdùnnú ara rẹ̀ kò ní sàká, àfi bí ó bá jẹ́ wúrà tàbí fàdákà. (Kí oníṣílè ṣàkíyèsí: fàdákà gidi ni àwọn tí wọ́n rọ ṣáájú ọdún 1920.) Ohun tí a rà láti tà ní sàká tirẹ̀, ìdá kan nínú ogójì, bí iye rẹ̀ bá tó ti wúrà gíráàmù 85 tí ọdún sì yí lé e. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní ọdọọdún ni kí á máa díwọ̀n rẹ̀. Ìlànà Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ṣe ẹni tí ń dúró de ọ̀wọ́n ní ìrọ̀rùn: ìgbà tí ó bá tà á ni yóò yọ sàká ọdún kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ ti dì í mú fún ogún ọdún.

Síbẹ̀, àwọn kan ń sá fún ìwọ̀nba yìí náà. Bí a bá dárúkọ sàká, wọn á ní ìfẹ́ ni àwọn fi ń kó o jọ. Bí oníbàárà bá dé, ó di ọjà. Ẹ̀tọ́ opó àti ọmọ òrukàn ni wọ́n fi ahọ́n méjì gbé pamọ́. Ẹ bi ara yín léèrè: bí ẹnikẹ́ni kò bá ní rà á mọ́ láéláé, ṣé n ó ṣì máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹni tí ó fi ìfẹ́ rà á ní tòótọ́, tí àìní wá mú un tà á, kò sí sàká lórí owó náà títí ọdún yóò fi yí lé e lọ́wọ́ rẹ̀.