Ìfọwọ́kàn Kejì



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí wà nínú Ìhìnrere Máàkù, orí 8, láti ẹsẹ 22 dé 26. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ sì kà á ná.

Wọ́n mú afọ́jú kan tọ Olúwa wá ní Bẹtisaida. Olúwa fà á lọ́wọ́ jáde kúrò láàrin ìlú, Ó fi itọ́ kan ojú rẹ̀, Ó gbé ọwọ́ lé e, Ó sì béèrè bí ó bá ń rí nǹkan. Ọkùnrin náà wòye, ó sì rí àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń rìn, òun ìbá pè wọ́n ní igi. Lẹ́yìn èyí ni Olúwa tún fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Nínú gbogbo ìwòsàn tí a kọ sínú Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí nìkan ni a rí tí Olúwa gbé ọwọ́ lé ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì kí ojú rẹ̀ tó là dáadáa.

Ohun tí ó mú wa yan ẹ̀kọ́ yìí ni pé àwọn kan wà nínú àwọn ará wa, ní ilé àti ní òkè òkun, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tí a ń fi ìtànṣán lésà ṣe, tí wọ́n sì dúró títí di ìsinsìnyí láàrin ìfọwọ́kàn kìn-ín-ní àti èkejì. Ní ọ̀sán, wọ́n ń ka nọ́ńbà orin lára pátákó láti ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run láìlo awò ojú, wọ́n sì ń yin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, òrùka ìmọ́lẹ̀ a yí gbogbo fìtílà ká. Iná iwájú ọkọ̀ a tú ká bí ìràwọ̀. Àti ènìyàn àti igi ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wọn.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fà á, kí a má bàa máa ro èrò asán. Ní 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí lílo ìtànṣán yìí fún àwọn tí ojú wọn kò rí òkèèrè. Nínú irú iṣẹ́ abẹ tí ó wọ́pọ̀ jù, oníṣègùn a ṣí awọ tínínrín kan lára awọ dídán tí ó bo iwájú ẹyinjú, ìtànṣán náà a gé ìwọ̀nba díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, oníṣègùn a sì dá awọ náà padà sí ipò rẹ̀. Ní ojú ọ̀sán, ọmọlójú kéré. Ibi tí a ti tún ṣe ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ọmọlójú a gbòòrò, ìmọ́lẹ̀ a sì gba etí ibi tí a tún ṣe kọjá, níbẹ̀ ni ó ti ń fọ́nká. Ojú gbígbẹ, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, a sì tún máa dá kún un. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nínú ìwádìí kan tí àjọ tí ń ṣe àbójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú àwọn mìíràn, tí a tẹ̀ jáde ní 2017, nínú àwọn tí kò rí òrùka ìmọ́lẹ̀ rárá kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó tó 40 nínú 100 tí ó ń rí i lẹ́yìn oṣù 3. Ṣùgbọ́n àwọn tí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ ń dí lọ́wọ́ gidigidi nínú iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò tó ẹyọ kan nínú 100. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, láàrin oṣù 3 sí 6 ni ó ń rọlẹ̀. Fún àwọn díẹ̀, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ kí ni Olúwa ń kọ́ wa nínú ọ̀ràn yìí?

Èkínní, kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tí a ń rí. Ọkùnrin Bẹtisaida ìbá ti purọ́ pé ojú òun ti là pátápátá, kí a má bàa pè é ní aláìmoore. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ohun tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, Olúwa kò sì bá a wí. Ìdáhùn òtítọ́ náà ni ìfọwọ́kàn kejì tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti náwó, a ti ṣe ìdúpẹ́ níwájú ìjọ, nítorí náà ojú ń tì wá láti sọ fún oníṣègùn pé òru kò dán fún wa. Arákùnrin, arábìnrin, ẹ sọ ọ́. Ìmoore àti òtítọ́ kì í bá ara wọn jà. Oníṣègùn lè fún ni ní oògùn tí ń mú ojú tutù, tàbí awò ojú tí a ó máa lò ní alẹ́ nìkan. Fún ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, oògùn ìkánsójú tí kò ní jẹ́ kí ọmọlójú gbòòrò jù. Ṣùgbọ́n bí ìríran bá dínkù lójijì, tàbí tí ojú bá ń roni gidigidi, kí a tọ oníṣègùn lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ń gbèrò iṣẹ́ abẹ náà pẹ̀lú, kí ó béèrè nípa ìríran òru ṣáájú, nítorí Olúwa wa kọ́ wa pé kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣe ìṣirò.

Èkejì, kí a má ṣe rìn ju ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a fún wa lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ènìyàn bá ń dà bí igi lójú rẹ̀ ní òru, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ní òru, ì báà ṣe nítorí iṣẹ́ Olúwa. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, àṣẹ kẹfà sì dáàbò bò ó. Nígbà tí oníṣègùn bá sì ti yọ̀ǹda fún un, kí ó nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kí ó dín eré kù, kí ó má sì tẹjú mọ́ iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ìjọ ni láti fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kí Olúwa tó fi ọwọ́ kan ojú ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ ni Ó kọ́kọ́ dì mú. Bí a bá pe àìsùn, kí àwọn olórí ẹgbẹ́ bi ara wọn léèrè pé, ta ni yóò sin lágbájá délé? Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ gbé e, tàbí kí a fún un ní ibi tí yóò sùn di òwúrọ̀. Kí a má ṣe ka àìwá rẹ̀ sí ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé òbí àti olùkọ́ di alẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe ní ọ̀sán.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òrùka ìmọ́lẹ̀ náà kò lọ tán ńkọ́? Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bẹ Olúwa nígbà 3 nípa ẹ̀gún ara rẹ̀. A kò mú ẹ̀gún náà kúrò, ṣùgbọ́n a fi oore-ọ̀fẹ́ tí ó tó fún un. Ìwòsàn tí kò tíì pé, ìwòsàn ni síbẹ̀. Ní ìsìn ìrọ̀lẹ́, àwa Ìjọ Áńgílíkà a máa bẹ Ọlọ́run pé kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn wa, kí Ó sì pa wá mọ́ kúrò nínú ewu òru. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń gba àdúrà náà, ẹ rántí àwọn ará wọ̀nyí ní orúkọ, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ yín bí ẹnìkan nínú wọn ń wá ẹni tí yóò bá lọ sílé.

Kí Olúwa tí kò fi ọkùnrin Bẹtisaida sílẹ̀ ní agbedeméjì parí iṣẹ́ rere rẹ̀ lára gbogbo wa. Àmín.