Ọwọ́ Ta Ni Ó Di Ọ̀já Náà?

Ìbéèrè kan dìde láàárín wa lẹ́yìn tí a ti ìrìn àjò dé. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa rí àwòrán tí a yà ní Jàpáànì, níbi tí a ti wọ kimono, ó sì bi wá pé: « Ẹ̀yin àgbà, bí òyìnbó bá wọ agbádá nítorí àti ya fọ́tò, ẹ ó ní ó ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin náà fi wọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni? » A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò ní àfojúdi nínú. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, ó sì yẹ kí a jókòó tì í.

Kawagoe ni ìlú tí a lọ ń jẹ́, ní ìpínlẹ̀ Saitama. Láti Ikebukuro ní Tokyo, ọkọ̀ ojú irin a máa dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Edo Kékeré ni wọ́n ń fi pọ́n ìlú náà lé, nítorí pé Edo ni Tokyo ń jẹ́ títí di ọdún 1868. Ní ọdún 1893, iná ńlá jó ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú náà. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí ògiri wọn nípọn ni kò jóná. Nígbà tí àwọn oníṣòwò rí èyí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún kọ́. Àwọn ilé dúdú wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn ń wá wò lónìí, pẹ̀lú ilé agogo onígi tí ń dún lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń rìn lójú ọ̀nà náà ni ó ń yá kimono wọ̀ fún ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ Jàpáànì fúnra wọn sì wà lára wọn.

Nínú ilé tí wọ́n ti ń yá aṣọ náà, a sáré wọ tiwa, a sì fi apá ọ̀tún bo apá òsì. Ìyá àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú wa kò sọ̀rọ̀. Ó tú aṣọ náà, ó fi apá òsì bo ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni ó tó fi yé wa pé òkú ni a ń wọ̀ láṣọ bí a ti wọ̀ ọ́ yẹn. Ó wá mú ọ̀já gbọọrọ, ó lọ́ ọ mọ́ àwọn obìnrin inú wa níbàdí, ó fà á le, ó sì dì í sẹ́yìn wọn. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè di ọ̀já náà fún ara rẹ̀.

Àwọn baba wa máa ń wí pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ni: bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Kimono fẹ́ bá òwe yìí jiyàn. Aṣọ tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36, tí ó sì gùn tó nǹkan bí mítà 12, ni a fi ń rán an. Gbọọrọ gbọọrọ ni a ń gé e, a kì í gé e mọ́ ara ẹnì kan. Láyé àtijọ́, wọn a tú u palẹ̀ láti fọ̀ ọ́, wọn a sì tún un rán. Bí ó bá gùn ju obìnrin kan lọ, a ó ká ìyókù rẹ̀ ní ìbàdí. Ọgbọ́n ẹni tí ń wọ ni láṣọ ni ó ń mú un bá ara mu.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fojú fo ẹ̀hónú àwọn mìíràn. Ní ọdún 2015, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, pe àwọn àlejò láti gbé kimono wọ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò níwájú àwòrán tí Claude Monet fi ìyàwó rẹ̀ hàn nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bínú pé wọ́n ti sọ àṣà di ohun ìṣeré. Ilé náà fagi lé wíwọ̀ rẹ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn máa fọwọ́ kàn án nìkan. Àwọn mìíràn, tí àwọn ará Jàpáànì wà lára wọn, wọ kimono tiwọn jáde láti wí pé kí a jẹ́ kí àlejò wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà rí mọ ohun tí ó ń sọ; ẹni tí ó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ má kú náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹnìkan lè wí pé owó ni a fi ra ìyọ̀ǹda tiwa. Òótọ́ ni pé a sanwó. Owó náà lè gba aṣọ fún wa di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ra ìbáwí ìyá yẹn. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò lásán, ìbá jẹ́ kí a jáde bí òkú, ìbá sì gba owó rẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Ní Kétu, bí Gẹ̀lẹ̀dé bá jáde, ọkùnrin ni ó ń jó nínú aṣọ obìnrin, gèlè àti ọ̀já tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ìyá ni ó sì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní olè, nítorí pé àwọn ìyá ni ó yọ̀ǹda aṣọ, àwọn ìyá náà ni a sì fi ń bọlá fún. Ṣùgbọ́n aṣọ wax tí ó sọ àwọn Nana Benz di ọlọ́rọ̀ ní ọjà Lómé ńkọ́? Ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó ti ń wá, láti inú àfarawé batik àwọn ará Java. A kò bi ará Java kankan kí a tó sọ ọ́ di aṣọ ìyàwó àti aṣọ òkú tiwa. Kí a tó pe ẹlòmíràn ní olè, ẹ jẹ́ kí a rántí èyí.

Nítorí náà, èsì wa fún ọmọ náà rèé. Kí a má ṣe kọ́kọ́ bèèrè orílẹ̀-èdè ẹni tí ó wọ aṣọ. Kí a bèèrè ọwọ́ tí ó di ọ̀já rẹ̀. Àlejò tí onílé wọ̀ láṣọ, tí ó sì gba ìbáwí onílé, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Àlejò tí ó gbé aṣọ wọ̀ láìbéèrè, tí kò sì fẹ́ kí a tún un ṣe, ó ti yan ẹ̀gàn.

Ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n àwa ni ìbéèrè náà padà sí lọ́rùn. Bí òyìnbó bá dé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ lọ́la, tí ó sì ní kí a fi bí a ti ń ká agbádá lé èjìká han òun, ta ni nínú wa tí yóò dìde? Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin wa ni ó lè wé gèlè fún àlejò, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń ra èyí tí a ti wé sílẹ̀? Ìyá tí ó wà ní Kawagoe lè tọ́ àlejò sọ́nà nítorí pé ẹnìkan ti kọ́kọ́ tọ́ òun náà sọ́nà. Kí a tó bínú sí ẹni tí ó wọ aṣọ wa ní òdì, ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé àwa ṣì mọ bí a ti ń tú u, tí a sì ń tún un wọ̀ fún un.