Ta Ni Ó Ni Orúkọ?

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wọ bàtà tuntun wá sí kíláàsì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ti yàtọ̀ nínú orúkọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà olè ni. Ó dáhùn pé owó ni òun fi rà á ní Sokodé, òun kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Èmi olùkọ́ kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bí ó ti rí. Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ Bata, ilé-iṣẹ́ tí Tomáš Baťa dá sílẹ̀ ní Zlín ní ọdún 1894, ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà "bàtà". Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó kú ní ọdún 1891. Èèṣì lásán ni ìjọra náà, ṣùgbọ́n ó ń rán wa létí pé ẹni tí ó tẹ orúkọ sára ọjà lè má jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é.

Ẹ wo aṣọ wax, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ańkárá. Ọdún 1846 ni ilé-iṣẹ́ Vlisco bẹ̀rẹ̀ ní Helmond, ní ilẹ̀ Netherlands. Aṣọ aláró àwọn ará Java ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe àwòkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ni aṣọ náà gbé dé Lomé. Àwọn ìyá ọjà ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fi òwe sọ ọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ àti orogún sọ ọ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá dùn létí ni ó ń tà. Wọ́n lówó débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn, tí a fi ń pè wọ́n ní Nana Benz.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 dé. Fránkì sẹ́fà 50 tí a fi ń gba fránkì Faransé kan di 100. Aṣọ Helmond gbówó lórí lọ́sàn-án kan òru kan. Nígbà tí ó yá, aṣọ Ṣáínà dé, ọnà kan náà, owó pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin oníṣòwò tí a ń pè ní Nanettes ni wọ́n ń kó o wá.

Ta ni a wá jà lólè? Helmond ní òun ni, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sanwó fún Java? Ta ni ó san owó orúkọ fún àwọn ìyá Lomé? Wọ́n jèrè, n kò jiyàn. Àwọn nìkan ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ta àwọn ọnà kan. Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ títà yàtọ̀ sí níní. Nígbà tí ọjà yí padà, orúkọ tí wọ́n sọ aṣọ bá aṣọ lọ.

N kò fi èyí dá ayédèrú láre. Ìyá tí ó fi owó iṣu ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ ní Kambolé tàbí ní Tchamba, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí kí oṣù tó parí, tí ó sì gbà pé ojúlówó ni òun rà, a ja ìyá yẹn lólè gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ ohun tí ó rà ní tirẹ̀. Ta ni ó wá tàn jẹ?

Mo bi í. Ó ní bàtà tí kò ní orúkọ wà lórí àtẹ, ó nípọn ju èyí lọ, owó rẹ̀ kò sì tó o. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni àwọn ẹgbẹ́ òun yóò kọ́kọ́ wò. Àwọn tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín dákẹ́.