Ta Ló Parọ́: Èmi àbí Ọkọ̀?

Àdúgbò Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ń gbé. Dádì Ìlódè la máa ń pè wọ́n. Iwájú ilé wọn ni Hilux tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà. Lára ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí "4WD" gàdàgbà. Nínú ọkọ̀, jíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá. Ẹ fa jíà kékeré yẹn, iná á tàn níwájú yín pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. Kò sí nǹkan tó wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń ti ọkọ̀ yẹn láti bí ọdún mẹ́ta.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyí. Agbára máa ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú jíà, á tún wọ inú àpótí kejì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní transfer. Transfer yìí ló ń pín agbára: propeller kan ń gbé e lọ sẹ́yìn, èkejì ń gbé e lọ síwájú. Lórí títì, ti ẹ̀yìn nìkan tó. Kódà, kò dáa kéèyàn fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí títì gbígbẹ, torí bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rìn iye kan náà, àwọn irin inú rẹ̀ á wá máa lọ́ ara wọn. Inú ẹrẹ̀ ni ti iwájú ti wúlò.

Nígbà tí axle iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dún kakaka ní kọ́nà, mẹkáníìkì bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í rìn kọjá Sábó, kí lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣe?" Ó tú propeller iwájú, ó tú axle méjèèjì. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò yọ axle yẹn tán. Ó tú orí rẹ̀ kúrò lára ìyókù, ó dá orí náà padà sínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nínú irú ọkọ̀ yìí, orí axle yẹn náà ló di bearing mú. Ẹni tó bá yọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè já lórí eré. Èmi tí mo ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ òru ni mo ti fi ṣòfò kí n tó mọ̀ pé ìlà kóòdù kan lè máa ṣe iṣẹ́ méjì, kó jẹ́ pé ọ̀kan nìkan lo mọ̀.

Títí dé ibí yìí, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ní 1968 tí Hilux kọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, gbogbo wa la sì mọ ẹrù tí 504 gbé nílẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ẹni ni, ohun tó bá wu èèyàn ló lè yọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á. Owó ilé ìwé ọmọ wọn ti tó san, èmi tí mo mọ íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ní kí n bá wọn polówó rẹ̀. Mo ya fọ́tò iwájú, mo ya ti ẹ̀yìn náà, 4WD ń dán gbinrin. Mi ò kọ "ẹsẹ̀ mẹ́rin" síbẹ̀ o. "Hilux, ẹ́ńjìnnì dáa, AC ń tutù" ni mo kọ. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé mo ṣòótọ́.

Obìnrin kan tó ń ra kòkó wá kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ káàsán sà. Ṣé 4-wheel ẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Inú oko Ìfẹ̀tẹ̀dó àti Òkè-Igbó ni mo ti ń kó ẹrù." Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko nígbà òjò mọ ohun tó ń bèèrè.

Mo fi han Dádì. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání. Ṣebí ojú ni wọ́n fi ń ra ọjà. Ṣé mo parọ́ fún un ni?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Lóòótọ́, wọn ò parọ́. Ẹnu la fi ń pa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ò nílò ẹnu. Onígàárì tó lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú kò sọ ọ̀rọ̀ kankan: ó bù ú, ó kún, ìwọ náà rí i pé ó kún. Ojú tó o fi ń rajà yẹn gan-an ló fi tàn ẹ́. Fọ́tò tí mo yà, kóńgò ni.

Bí mo ṣe ń dá Dádì lẹ́jọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí tèmi. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n ṣe bọ́tìnnì kan: "Pa àkáǹtì mi rẹ́." Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á sọ fún ẹ pé ó ti tán, á tún kí ẹ pé ó dàbọ̀. Kò sí nǹkan tó kúrò. Nọ́ńbà ẹ, àdírẹ́sì ẹ, gbogbo ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. A kàn fi àmì sí i pé kó má hàn mọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì gba owó oṣù. Ní 2015 tí àṣírí Volkswagen tú, pé kóòdù inú nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ wọn máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ èéfín rẹ̀ wò, á wá ṣe bí ọmọlúàbí títí àyẹ̀wò á fi parí, gbogbo wa ní ọ́fíìsì bú wọn dáadáa. Mo bú wọn, mo padà sídìí bọ́tìnnì mi.

Yíyọ kọ́ ni ẹ̀bi, lójú tèmi. Ẹni tó bá yọ nǹkan ni kó yọ àmì rẹ̀ pẹ̀lú, torí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì tí ẹrẹ̀ mú lálẹ́ ni yóò mọ̀, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń dùn mí: owó Dádì ni mo fẹ́ fi ṣòótọ́, kì í ṣe tèmi.

Mo dá obìnrin náà lóhùn: "Ẹ káàsán mà. Kò ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ti yọ ti iwájú." Ó ní òun dúpẹ́. Mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Dádì ní, "Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Odidi ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò gbé ìpè mi. Nígbà tí wọ́n máa pè, wọ́n ní èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n wá yọ 4WD náà fúnra mi. Mo lọ ní Sátidé pẹ̀lú abẹ àti kẹrosíìnì. 4 àti W jáde jẹ́jẹ́. D bó ọ̀dà ọkọ̀ dání. Oníbúlọ́ọ̀kù kan ti wá wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì kàn án bóyá ẹsẹ̀ méjì ni àbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n iye tó ń dá ò tíì tó owó ilé ìwé. Mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó oṣù mi. Wọ́n gbà á. Wọn ò sọ nǹkan kan.