Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Ṣe Ọkọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí Ó Ni Ọ̀nà

Ìbéèrè tí ọkọ̀ àfọwọ́ṣe ń gbé dìde nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá dá a dúró kì í ṣe ti owó ìtanràn nìkan, nítorí pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó lò ó níbi tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá? Ọkọ̀ àfọwọ́ṣe ni ọkọ̀ tí kò ti ilé iṣẹ́ kankan jáde, tí ẹnì kan, ìbáà ṣe wẹ́dà, mẹkáníìkì tàbí akẹ́kọ̀ọ́, jó irin rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó de ẹ́ńjìnnì alùpùpù tàbí ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, tí kò sì ní nọ́ńbà tàbí pátíkúlà, èyíinì ni àwọn ìwé tí ó ń fi hàn pé ìjọba mọ ọkọ̀ náà, ó sì mọ ẹni tí ó ni ín. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ojú ọ̀nà tí ó la Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kọjá láti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí ìbéèrè yìí ti wà kí ọkọ̀ tó dáyé, nítorí pé Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, tí í ṣe Ọbàtálá, òrìṣà tí ó ń mọ ara ènìyàn.

Àwọn tí ó ń gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ní àwíjàre tí ó múná. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ohun tí ènìyàn bá da òógùn rẹ̀ lé lórí di tirẹ̀, èrò náà kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá rárá, nítorí pé ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dáko, tí ó sì gbin kòkó tàbí obì síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, ni ó ni igi rẹ̀ bí ilẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ló sì ti fi hàn pé irú òógùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Ezekiel Izuogu fi ọkọ̀ Z-600 rẹ̀ han aráyé ní Òwẹ́rì ní ọdún 1997, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò dé ọjà. Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá di èyí tí oòrùn àti atẹ́gùn ń fún lágbára, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì lórí rẹ̀ àti abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìjàpá yẹn kúkú ti ilé iṣẹ́ jáde, ó sì ní nọ́ńbà sáàsì tirẹ̀, ohun tí ọkọ̀ tí a jó láti orí irin gbọọrọ kò ní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni igi kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀ṣe lórí ìṣẹ̀dá ènìyàn kò fún ẹni tí ó ṣe nǹkan ní àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀, nítorí pé Ọbàtálá ni ó mọ ara, Olódùmarè ni ó sì fi ẹ̀mí sí i, kò sì sí ẹni tí Ọbàtálá dá nìkan rán wá sí ayé. Ìtàn tún sọ pé ó mu ẹmu ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró, ni ó fi mọ arọ àti abuké. A kò gbọdọ̀ na àfiwé yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni òrìṣà ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ohun èlò tí ó bàjẹ́. Ohun tí ìtàn náà fẹ́ kí a gbà ni pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ lè yẹ̀.

Ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò tí ó ń mọ orí ní ọ̀run, lọ jìnnà ju èyí lọ. Orí tí a ń sọ níbí ni orí inú, èyí tí ènìyàn ń yàn kí ó tó wá sí ayé. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n sì fúnra wọn mú orí tí ó wù wọ́n lójú, láìmọ̀ pé wọn kò sun ún jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni ó bá Àjàlá nínú àjà níbi tí ó sá pamọ́ sí nítorí gbèsè, ó san gbèsè náà fún un, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin lu orí kan lẹ́yìn èkejì títí ó fi rí èyí tí ó dára. Ohun méjì ni ó hàn níbẹ̀. Èkínní ni pé ẹni tí ó ṣe nǹkan ni ó mọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó, òun náà sì ni ó ní ìdí láti fi í pamọ́. Wẹ́dà tí ó jó irin tí ó gbé taya iwájú ró, tí ó rí i pé iná kò wọnú irin dáadáa, tí ó wá lọ ojú rẹ̀ dán tí ó sì fi ọ̀dà bò ó, mọ ohun tí ẹnikẹ́ni lójú títì kò lè mọ̀. Èkejì ni pé òjò ni ó tú àṣírí náà, ó sì ti pẹ́ jù. Àyẹ̀wò tí kò bá ṣẹlẹ̀ ní ilé Àjàlá, ojú ọ̀nà ni yóò ti ṣẹlẹ̀, ara ẹlòmíràn sì ni yóò ti hàn, bóyá ọmọ tí ó ń kiri ọsàn ní ẹ̀bá títì ní Ìlobù.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ẹ̀ṣọ́ ni yóò jàre. Àmọ́ ìtàn tí ó ti ọ̀dọ̀ òrìṣà Ìfọ́n fúnra rẹ̀ wá kò jẹ́ kí ó parí síbí. Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kí ó má lọ, pé bí ó bá sì lọ, kí ó má ṣe ráhùn ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó já lójú ọ̀nà, ó mú un kí ó lè dá a padà fún olówó rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ọba bá a pẹ̀lú ẹṣin náà, wọ́n pè é ní olè, wọ́n nà án, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kọ̀ kò rọ̀, obìnrin kò lóyún, títí Ifá fi sọ pé aláìṣẹ̀ kan wà ní túbú. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe òrìṣà yìí ní Oxalufã, àwọn olóòrìṣà ṣì ń pọn omi lọ́dọọdún nínú aṣọ funfun láti fi rántí bí wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ náà gan-an? Kì í ṣe pé wọ́n dá arìnrìn-àjò dúró, nítorí pé ẹṣin ọba ní ọwọ́ àjèjì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a bi í léèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó bi í. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan. Bí arìnrìn-àjò bá sì dákẹ́, bí Ọbàtálá ti dákẹ́ nítorí àṣẹ Ifá, ńṣe ni ó yẹ kí iṣẹ́ ẹni tí ó ń béèrè pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìwé. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Road Safety, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ń béèrè nọ́ńbà àti pátíkúlà, àwọn tí ó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ sì ń béèrè nọ́ńbà sáàsì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àti ìwé aṣọ́bodè tàbí ti ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ti jáde. Ọkọ̀ àfọwọ́ṣe kò gba ibodè kankan kọjá, kò sì ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹni tí ó ṣe é lè fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tọkàntọkàn kí ó má sì rí ohun tí yóò kọ sí ojú ìwé náà. Ṣóyínká kan náà ni ó kọ eré oníṣe The Road ní ọdún 1965, nínú èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Professor ti ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún àwọn awakọ̀: ìwé lè pé kí awakọ̀ má mọ ọkọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ lè dára kí ó má ní ìwé. Àwọn kan yóò ní kí a padà sí ọ̀dọ̀ Ògún, kí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ fi irin búra, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ̀ṣe ti ń ṣe ní kóòtù. Àmọ́ ohun tí ìbúra lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni náà kò parọ́. Kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bíréèkì yóò mú.

Ìwé, nígbà náà, dúró fún òótọ́ níwájú àwọn tí kò lè wo abẹ́ ọkọ̀ ara wọn. Àìní rẹ̀ wúwo sí i ní ìlú tí ọkàn kò bá balẹ̀: nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ ní Ìlobù àti Ìfọ́n ní ọdún 2025 nítorí ìjà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ olówó rẹ̀ ní àárín ìlú méjèèjì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtanràn. Ẹni tí ó bá ń wà á ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kò lè bínú pé wọ́n dá a dúró.

Síbẹ̀, ìjọba tí ó ń béèrè ìwé gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti lè gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní IVA, wọn yóò yẹ bíréèkì, iná àti bẹ́líìtì rẹ̀ wò, bí ó bá sì yege yóò gba nọ́ńbà. Bí ọjọ́ orí ọkọ̀ náà kò bá dájú, lẹ́tà Q ni nọ́ńbà náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rà á lè mọ̀. Kò sí ohun tí ó wà nínú èyí tí àwọn VIO, èyíinì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń yẹ ọkọ̀ wò, kò lè ṣe ní Òṣogbo. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin rẹ̀, kí Road Safety sì ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún un. Títí di ìgbà náà, kí ẹ̀ṣọ́ tí ó bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró mú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí ènìyàn máa lọ sílé, kí ẹni tí ó ṣe é náà sì dán an wò ní pápá ilé ìwé lọ́jọ́ ìsinmi, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ó má gbé e bọ́ sí títì.