Stan, Martha àti Mọ́remí

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ The Americans parí ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn sáà mẹ́fà àti apá 75. Tọkọtaya amí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ni eré náà dá lé, Philip àti Elizabeth Jennings. Nítòsí Washington ni wọ́n ń gbé bí ẹni pé ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí Paige àti Henry sí, wọ́n sì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Ẹni tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn ni Stan Beeman, òṣìṣẹ́ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa wá amí. Stan àti Philip di kòríkòsùn. Wọ́n jọ ń mu bíà, wọ́n jọ ń jẹun, Henry pàápàá sì mọ́ Stan lára bí ọmọ ṣe ń mọ́ bàbá lára. Nínú apá ìkẹyìn, Stan ká Philip, Elizabeth àti Paige mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó na ìbọn sí wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ó yà fún wọn, wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ.

Ṣé ó yẹ kó jẹ́ kí wọ́n lọ? Ọ̀pọ̀ òǹwòran ti bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn, àwa náà sì jẹ nínú rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, ní Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní agboolé wa gbé eré náà dé nínú fláàṣì. Alaalẹ́ là ń wò ó, bí iná bá wà tàbí bí ẹnìkan bá ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn àgbà àárín wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá ẹjọ́ ẹni inú tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn níbí, ní Agodi, ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn tó sì wo eré Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí kì í wo eré kí wọ́n má béèrè pé ta ló jàre.

Bàbá kan tó ń ránṣọ lọ́nà Ọjà'ba ló kọ́kọ́ dá Stan lẹ́bi. Ó ní ká wọ aṣọ ọlọ́pàá wa fún un, ká mú un wá sí Mápó. Bí ọlọ́pàá bá mú ọ̀daràn, tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ni, tó sì ní kó máa lọ, kí la ó pè é? Ṣebí ojúsàájú wà lára ohun tó ń ba ìlú yìí jẹ́? Stan búra fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì ń gbowó oṣù lórí ìbúra náà. Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ kò gbà. Ó ní ẹni tó bá lè yìnbọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú ọmọ, ọkàn rẹ̀ ti kú, ìwà kò sì lè gbé inú òkú ọkàn.

Mo gba ti bàbá télọ̀. Ohun tí Stan fi ṣàánú kì í ṣe tirẹ̀, ti ìlú tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ni. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀. Stan bi wọ́n léèrè nípa ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n pa, wọ́n sì sẹ́. Elizabeth ló pa wọ́n, nígbà tí ọmọ wọn kékeré wà ní yàrá kejì. Irọ́ ni wọ́n fi gba àánú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé lórí Stan nìkan ni ariwo pọ̀ sí. Martha ńkọ́? Akọ̀wé ni Martha ní ọ́fíìsì FBI. Philip dé irun àtọwọ́dá, ó fi awò sójú, ó pe ara rẹ̀ ní Clark, ó sì gbé e níyàwó kó lè máa rí àṣírí ọ́fíìsì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun èlò tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ní kó ṣe é, ó sì gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, wọ́n kó o lọ sí Moscow, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò sì sí bí yóò ṣe fojú kan bàbá àti ìyá tó bí i mọ́. Martha kò ṣẹ Philip. Kò ṣẹ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ ní ọkọ àti ọmọ bí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà wọlé sí i lára. Ní apá ìkẹyìn tí a ń pariwo lé lórí yìí, Martha kò sí ńbẹ̀ rárá.

Ti Young Hee tún wà. Obìnrin ará Kòríà ni, ó ń ta àtíkè àti ìpara, ó sì mú Elizabeth lọ́rẹ̀ẹ́. Ó mú un wọlé, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ilé náà sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tiwọn. Ọkọ Young Hee ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí kòkòrò àrùn, ibẹ̀ sì ni ojú Elizabeth wà láti ọjọ́ kìíní. Ó fi ẹ̀tàn dójú ti ọkùnrin náà, ó da àárín tọkọtaya náà rú, ó sì rìn lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti bá ọ jẹun nínú àwo kan ti bá ọ mulẹ̀, ẹ ò nílò ìbúra. Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, àwọn bàbá wa kò sì yọ ẹni tó dalẹ̀ nítorí ìjọba sílẹ̀.

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìyá ẹlẹ́kọ kan tó ń bá wa wo eré náà fi bi mí pé, “Mọ́remí ńkọ́?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì le.

Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé àwọn Ìgbò ń ya wọ ìlú, wọ́n fi ìko àti koríko bo ara, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Wọ́n ń kó oúnjẹ, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun. Ọba wọn fi í ṣe aya, Mọ́remí bá a gbé títí ó fi mọ àṣírí aṣọ náà, ó sá padà wálé, ó ní kí Ifẹ̀ fi ògùṣọ̀ dúró dè wọ́n. Iná mú ìko, ogun sì tán. Àwọn kan ní Mọ́remí ni ìyàwó Ọ̀rànmíyàn, ẹni tí a tún ń pè ní Ọ̀rányàn bí àdúgbò wa. Ọdọọdún ni Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Èdì nítorí Mọ́remí. Ní ọdún 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó. Ohun tó ṣe fún ọba Ìgbò, ó jọ ohun tí Philip ṣe fún Martha. Báwo la ṣe wá ń ki ọ̀kan, tí a ń bú èkejì?

Mo rí ìyàtọ̀ níbi méjì. Ẹni tí Mọ́remí tàn ni olórí àwọn tó ń kó ará ilé rẹ̀ lẹ́rú. Kò lọ wá akọ̀wé kan tó jókòó jẹ́ẹ́. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ló san gbèsè náà: ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, odò náà sì gba Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Síbẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá. Olúorogbo kọ́ ló jẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn ará Ùgbò ní Ìlàjẹ, tí wọ́n ka àwọn Ìgbò yẹn sí baba ńlá wọn, wà láàyè títí dòní, lójú ẹni tó bá sì jókòó lọ́hùn-ún, ìyàwó tó kó àṣírí ilé ọkọ sá lọ ni Mọ́remí. Ìwà akin àti òtítọ́, méjèèjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọlúàbí, ogun sì lè mú kí wọ́n kọ ojú ìjà síra. Ẹni tó bá mú akin lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun jẹ òtítọ́ ní gbèsè. Mọ́remí mọ̀. Ó ṣòro fún mi láti rí i pé Elizabeth mọ̀, àfi bóyá ní ìparí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú eré. Joe Weisberg tó dá eré náà sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, FBI mú amí Rọ́ṣíà mẹ́wàá, wọ́n sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn mẹ́rin ní Vienna ní ọjọ́ 9 oṣù Keje. Tọkọtaya kan lára wọn ní ọmọkùnrin méjì tí wọ́n bí ní Kánádà. Àwọn ọmọ náà ní àwọn kò mọ nǹkan kan títí FBI fi kanlẹ̀kùn. Kánádà gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ wọn, ó sì di ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2019 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tó dá àbúrò láre.

Nínú eré, Henry ni ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ pè é lórí fóònù nílé ìwé, wọn kò sọ ohunkóhun fún un, wọ́n sì ń sá lọ. Ibẹ̀ ni inú ti bí àwọn obìnrin agboolé wa jù. A kì í fi fóònù túfọ̀ fún ọmọ. Àgbà ní í dìde lọ, á jókòó tì í, á sì sọ ọ́ fún un. Stan ló ṣe é: ó lọ bá Henry nílé ìwé, ó sọ fún un. Mo ti dá a lẹ́bi tẹ́lẹ̀, mi ò sì yí i padà, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ló hù níbẹ̀ yẹn. Bàbá télọ̀ ní kò tíì tó, ó ní kí Stan kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ní bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni, ta ni yóò wá mójú tó ọmọ? Èmi rò pé ọ̀dọ̀ ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà kó padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Eré náà kò fi ìrìn kejì yẹn hàn wá.