Rashidi Yekini: Gbèsè Wo Ni A Jẹ Ẹni Tí A Pàtẹ́wọ́ Fún?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá fi pápá sílẹ̀, ṣé ojúṣe wa sí i ti parí nìyẹn?

Kaduna ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963; ará Ìrá ní Kwara ni ìdílé rẹ̀. Ọmọ àtìpó bíi tiwa ni. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà. Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jùlọ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, 1994, ní Dallas, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé. Ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. Ta ni kò rántí?

Ìbàdàn ló fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó ń dá gbé. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2012, wọ́n sì sin ín sí Ìrá.

Àwọn kan ní òun ló fẹ́ dá wà. A kò jiyàn. Àgbàlagbà ló ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n “ó fẹ́ dá wà” máa ń yá lẹ́nu ẹni tí kò ṣetán láti kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, olúkúlùkù a máa rò pé ẹlòmíràn ti lọ wò ó.

Nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín, owó ìsìnkú kì í pẹ́ jáde. Ti àwọn àgbà tí a kò rí ní ìpàdé mọ́ ńkọ́? Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé.